Ẹrù Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Dì

Ojúlé Kọkànlá,
Bárìkà, Agbowó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta, 1986.

Oyèṣọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Bàbá rẹ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ ní Òkehò. Ṣé ara gbogbo yín le bí mo ti ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Ara tèmi náà dá; ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Inú mi dùn pé ìwọ àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlọrin nígbà Ọdún Àjíǹde. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí n kọ ohun tí ẹ máa dì ránṣẹ́, nítorí pé èmi Sùlàímọ́nù ló mọ ẹrù dì, ojú tì mí. N kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Màá kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o béèrè. Omi ni kí ẹ fi ṣíwájú, kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa bu omi kún un ní gbogbo ìlú tí ẹ bá dé. Ẹ mú gàrí, ẹ̀pà, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀. Má gbé ẹ̀wà dání. Ìwọ náà mọ inú rẹ. Ẹ mú tíúbù tuntun, sólúṣọ̀n tí a fi ń lẹ tíúbù, sùpánà àti pọ́ǹpù. Bí àyè kò bá gbà wọ́n, aṣọ ni kí ẹ yọ, ẹ má yọ pọ́ǹpù.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà náà, tí èmi àti ìwọ ṣì jọ ń gbé Ìbàdàn, ojú Bàbá ti ń ṣú lọ. Wọ́n ní ohun kan làwọn fẹ́ rí kó tó ṣú tán: kí ìwọ gun kẹ̀kẹ́ tí àwọn fi ń wàásù kiri abúlé, láti Ìbàdàn wọ Òkehò lóòjọ́, bí àwọn ti ṣe é nígbà èwe. Nígbà tí o lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá, wọ́n fi pọ́ǹpù àwọn fúnra wọn lé ọ lọ́wọ́. Ìwọ wé e pọ̀ mọ́ tíúbù àti sólúṣọ̀n nínú aṣọ kan, o gbé e fún èmi tí a jọ ń lọ, tí mò ń di ẹrù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ìrìn àjò wa ku ọ̀la, nígbà tí o lọ ra ẹ̀pà ní Bódìjà, mo ra búrẹ́dì mẹ́jọ ní Mọ́kọ́lá. Ìwọ náà mọ àwọn ará ilé wa ní Òkehò: ẹni tó bá ti Ìbàdàn bọ̀ láìmú búrẹ́dì dání, wọ́n á ní kò rí ṣe. Ẹnu ìyá bàbá mi ni mò ń sá fún. Àpò ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kò gba gbogbo rẹ̀, ni mo bá yọ aṣọ tí o fi wé pọ́ǹpù, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà ní gbogbo ìlú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n táyà kì í dúró dé ìlú kó tó jò.

A kọjá Ìsẹ́yìn, ó ku nǹkan bíi máìlì méjìlá, táyà rẹ jò láàárín igbó. Mo ní kí o gba kẹ̀kẹ́ mi, o ní ti Bàbá ni Bàbá fẹ́ rí. O tú àpò títí. O wá bi mí pé, "Sùlàí, àbí mo gbàgbé ẹ̀ sí Ọ̀yọ́, níbi tá a ti mumi?" Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ.

Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lọ́nà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó ti kẹ̀kẹ́ wọ̀lú. Bàbá ti jókòó síwájú ilé láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú títí àwọn ará ilé yín fi fà wọ́n wọlé. Wọ́n ní, "Ẹni tí ò lè tọ́jú pọ́ǹpù, kí ló fẹ́ tọ́jú?" Ìwọ dorí kodò. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, àwọn ará ilé wa tó wá pàdé wa ń ṣàdúrà fún mi nítorí búrẹ́dì. Kí òjò ọdún náà tó dá, Bàbá kò ríran mọ́.

O fi ṣẹ̀rín nínú lẹ́tà rẹ pé títí dòní, Bàbá kì í rán ọ níṣẹ́ láìdárúkọ pọ́ǹpù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi mi lo ń rù. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, n kò sì lè dá ohun tí Bàbá fẹ́ rí padà fún wọn. Dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi. Bí o kò bá sì lè ṣe é báyìí, n kò ní bínú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ, kó ṣọ́ yín bọ̀. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ, ilé kò sì ní dàrú lẹ́yìn yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí ojú ń tì,
Sùlàímọ́nù.

Mo tún rántí: Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, jọ̀wọ́, jókòó ti Bàbá, kí o kà á sókè sí wọn létí. Mo mọ̀ pé wàá fẹ́ fo àwọn ibì kan nítorí tèmi. Má fo ìkankan.