Bàtà Márùn-ún Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ó rẹ̀ mí. Gbogbo fọ́ọ̀mù ìwádìí tí mo gbà ní Àrán-Ọ̀rin lónìí ló pé, àfi ti Ìyá Délé. Ọ̀gá mi sì ti sọ pé fọ́ọ̀mù tó bá ní àlàfo, dídànù ni.

Mo bi í pé, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ ní?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé o fẹ́ kó wọn lọ tà ni? Ọlọ́run ló ń kà wọ́n."

Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé wọn kì í ka ọmọ níbí. Mo ka bàtà àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kọ márùn-ún.

Bó ṣe ń sìn mí jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó nu ọ̀kan nínú wọn. "Ti Bọ́sẹ̀ nìyí. Ọdún kẹta rèé tí ikú ti mú un lọ. Mo ṣì ń fọ bàtà rẹ̀ ní gbogbo Sátidé."

Mo délé, mo pa márùn-ún rẹ́, mo kọ mẹ́rin. Mo tún pa mẹ́rin rẹ́. Ìwé tí mo ti kà lórí ìwádìí tó ń ka iye àti èyí tó ń gbọ́ ìtàn pọ̀, ṣùgbọ́n àlàfo orí fọ́ọ̀mù yìí kò ju èékánná lọ, kò gba ìtàn...

Mo dá márùn-ún padà. Bí ọ̀gá bá bi mí ẹni tó kà wọ́n, màá ní ìyá wọn ni.