Owó Tí Màmá Fẹ́ Yá Láti Fi Fa Ojú

                                                  Ojúlé 24, Òpópónà Ipê,
                                                  Olaria,
                                                  Nova Friburgo.
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019.

Luci, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn Sista yòókù ńkọ́, àti ọgbà ewébẹ̀ yín, àti ajá arúgbó yẹn tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà? Mo mọ̀ pé Sista Maria Perpétua ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Luci tí a jọ ń jí ṣúgà jẹ lábẹ́ tábìlì Màmá ni èmi ń kọ̀wé sí. Mo sì mọ̀ pé Ìyá Àgbà ilé yín ló máa ń kọ́kọ́ ka lẹ́tà kó tó kàn ọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀rọ̀ inú eléyìí kò burú, ó kàn gùn ni.

Kí àyà rẹ má bàa já, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Iṣẹ́ ń lọ, kọ́mú ni mo ṣì ń rán láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Màmá ló fa lẹ́tà yìí. Ìwọ tí Màmá tọ́ dàgbà bí ọmọ inú rẹ̀, ó yẹ kó o gbọ́.

O mọ bí nǹkan ṣe rí kí Bàbá tó kú. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Màmá kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ̀ ẹ́ rí. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí a sin ín. Lọ́jọ́ Àìkú kan lóṣù Kẹrin, lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, èmi àti Bọ̀ọ̀dá Gilmar lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ Màmá. Ìrẹsì, ẹ̀wà dúdú, adìẹ yíyan, gbogbo rẹ̀ pé. Àárín oúnjẹ ni Màmá gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní, “Mo fẹ́ lọ tún ojú mi ṣe.”

Bọ̀ọ̀dá Gilmar ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀ mà. Dígí ojú yín yẹn ti pẹ́ jù. Mo mọ ẹnì kan tó ń tà á ní ẹ̀dínwó.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ dígí? Ojú ni mo wí. Ojú gan-an. Mo fẹ́ kí dókítà fà á sókè.” Ló bá fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn dé ẹ̀bá etí, gbogbo eyín yọ síta. “Báyìí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi mi nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin! Ta ló kù tó ń wò yín?”

Màmá wò ó títí, ó ní, “Èmi. Èmi ni mò ń wò ó, láràárọ̀.” Ó dìde, ó kó àwo kúrò lórí tábìlì. Itan adìẹ Bọ̀ọ̀dá ṣì wà nínú èyí tó kó níwájú rẹ̀, kò sì láyà láti béèrè rẹ̀.

Àṣé ọ̀rọ̀ ti rìn jìnnà kó tó dé etí wa. Màmá ti dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Niterói lọ rí dókítà, ìwé ìṣirò owó sì wà nínú agolo bisikíìtì rẹ̀ lórí fìríìjì: réàlì ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò lè gbé e dé ibì kankan, torí náà ó ti lọ bá ilé iṣẹ́ ayánilówó kan. Àwọn ní àwọn á yá a, ṣùgbọ́n bó ṣe ti kọjá àádọ́rin ọdún yẹn, ọmọ rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lùwé pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ létí wa o. Ká ní wọn ò béèrè ọmọ ni, à bá kàn dédé bá ojú tuntun nílé lọ́jọ́ kan.

Èmi ló gbé ìwé náà wá bá. Mo ní, “Màmá, tí a bá máa jẹ gbèsè, ẹ jẹ́ ká fi tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe. Ó ń jò.”

Ó ní, “Òrùlé kì í wo dígí,” ó sì mú ìwé rẹ̀.

Kò bá mi jà. O kúkú mọ̀ ọ́n: tó bá ń pariwo, ewu ò sí, dídákẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń gbé kọfí mi kalẹ̀ láràárọ̀ láìní kí n jókòó.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹfà. Mo mú Màmá lọ gba káàdì ìdánimọ̀ tuntun. Ọmọbìnrin tó ń ya fọ́tò ní, “Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tújú ká, ẹ má bínú.” Màmá ní, “N ò bínú, ọmọ mi.” Ọmọbìnrin náà tún yà á. Ó ní, “Mama, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tó ń dùn yín fún ìṣẹ́jú kan péré.” Màmá gbìyànjú, ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò lè tẹ̀ lé e, ìpéǹpéjú ti wó bò ó. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà rọra bi mí létí bóyá ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nílé wa ni.

A jáde, a jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ àwọn igi yukalíptọ̀sì inú gbàgede. Ibẹ̀ ni Màmá ti sọ̀rọ̀.

“Rosilda, bí mo bá lọ ra tòmátì, ọlọ́jà á bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, ọmọ ọlọ́mọ á dìde fún mi, á ní pẹ̀lẹ́. Fádà ní kí n wá sọ ohun tó wúwo lọ́kàn mi. Kò sí ohun tó wúwo lọ́kàn mi! Mo sunkún bàbá yín fún ọdún mẹ́fà kó tó kú, mo tún sun ún fún ọdún kan lẹ́yìn tó kú. Ó tán. Ọkàn mi ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, ojú mi ló kọ̀ tí kò bọ́ ọ.”

Luci, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mò ń gbé, n ò sì mọ̀. Èmi gan-an, bí mo bá ti wọlé, “Màmá, kí ló dé?” ni mo máa ń fi kí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní n ò tíì lè ṣèlérí pé màá bu ọwọ́ lùwé o, ṣùgbọ́n a jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà yẹn ni.

Kó tó di ọjọ́ náà, mo fi ìwé ayánilówó han Edinalva tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níbi iṣẹ́. Òun náà ti yá owó rí láti fi tún ọyàn rẹ̀ ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, ọdún mẹ́rin ni mo fi san owó ọyàn yìí. Ọkọ tí mo torí rẹ̀ ṣe é ti kó ẹrù rẹ̀ lọ kí n tó san ìdajì. Ọyàn dúró, gbèsè dúró, ọkùnrin ló lọ.” Mo bi í bóyá ó kábàámọ̀. “Ọyàn kẹ̀? Rárá o! Èlé orí owó yẹn ni mo kábàámọ̀.” Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ṣe ìṣirò sẹ́yìn páálí kọ́mú kan. Màmá á ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kó tó san án tán, owó náà á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ó ní, “Tó o bá bu ọwọ́ lu èyí, ojú méjì lo rà, ọ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbé lọ sílé.”

Obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ tutù ni dókítà náà, Nívea lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe béèrè ohun tí Màmá fẹ́, Màmá tún fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, eyín tún yọ. Dókítà gbé dígí fún un, ó ní, “Mama, ẹ fi ìka kan ibi tí kò jọ yín mọ́.” Màmá ronú díẹ̀. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò fọwọ́ kan ọrùn. Ìpéǹpéjú méjèèjì ló fọwọ́ kàn.

Dókítà ní ibẹ̀ náà lòun fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú ti wó débi pé Màmá kò ríran òkè dáadáa mọ́. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe, kò ní í tó ìdá mẹ́ta owó àkọ́kọ́, wọn ò sì ní í kùn ún lóorun pátápátá, èyí tó sàn fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí Màmá béèrè lọ́jọ́ kìíní ni akọ̀wé òun ṣírò fún un.

Má rò pé Màmá dúpẹ́ o. Nínú bọ́ọ̀sì, ó yíjú sí fèrèsé. “Mo béèrè odindi, èérún lẹ fún mi.” Mo ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo ní màá bu ọwọ́ lùwé fún ìpéǹpéjú lọ́la òde yìí, ṣùgbọ́n n ò ní í bu ọwọ́ lu gbèsè ọdún márùn-ún.

Ó ní, “O rò pé màá kú kó tó pé.”

Mo ká tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọwọ́ mi sí méjì, mo tún ká a sí mẹ́rin.

Ó ní, “Èmi náà rò ó. Ìdí nìyẹn tí n ò fi fẹ́ fi ojú yìí lo èyí tó kù.” A ti ń gun òkè bọ̀, ìkùukùu ti bo ojú ọ̀nà, nígbà tó ní, “Ó dáa. Ìpéǹpéjú.”

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa aránṣọ la ti yá owó náà. Èlé rẹ̀ kò pọ̀, oṣù méjìdínlógún la máa fi san án. Mo sáré kọ orúkọ mi sí i. Màmá ní kí n tún un kọ, pé kò dára.

Látọjọ́ adìẹ yẹn, Bọ̀ọ̀dá Gilmar kò bá Màmá sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, a ń múra àtilọ wọ bọ́ọ̀sì, la bá gbọ́ fèrè ọkọ̀. Bọ̀ọ̀dá ni, pẹ̀lú ọkọ̀ tó fi ń kó sìmẹ́ǹtì, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ wọ bọ́ọ̀sì?” Màmá yọjú wo inú ọkọ̀, ó ní eruku wà lórí ìjókòó. Bọ̀ọ̀dá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi nù ún. Kò sọ pé ẹ má bínú, ṣùgbọ́n nínú òtútù oṣù Keje, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì wakọ̀ dé Niterói.

Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Ojú wú o! Ó dúdú, o máa rò pé afẹ̀ṣẹ́jà ni. Bọ̀ọ̀dá bi í pé, “Màmá, ta lẹ bá jà?” Ó ní, “Ò bá lọ wo ẹni tí mo bá jà!”

Nígbà tí wọ́n yọ okùn tí wọ́n fi rán ojú rẹ̀, tí wíwú ti lọ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ síwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ pẹ́ títí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, owó sì ti lọ. Ẹ̀rín bá yọ lẹ́nu rẹ̀, ó rìn dé ojú. Ó tẹríba díẹ̀ fún dígí, bí ẹni tó ń kí èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. “Zenaide,” ó pe orúkọ ara rẹ̀, “ẹ káàbọ̀ o. Ó tọ́jọ́ mẹ́ta.” Lẹ́yìn náà ló lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo àwọn Sista. Bọ̀ọ̀dá kí ọ, Edinalva náà kí ọ. Ẹ máa fi wá sádùúrà, ní pàtàkì ní ìparí oṣù tí wọ́n bá ń yọ owó. Màmá ní kí n kí ọ dáadáa, kí n sì bi ọ́ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí òun ṣe. Mo ní kí ló dé tí kò fi béèrè kó tó ṣe é? Ó ní òun mọ̀ pé o ò ní í parọ́ fún òun.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,

Rosilda.