Omi Ọmú Tí Mọ́fẹ́ Kò Mu Tán

Mọ́fẹ́,

Ògì wà nínú fúláàsì, àkàrà wà lábẹ́ àwo. Mo ti lọ sílé ìwòsàn l'Ádó. Mi ò jí ọ torí o máa sunkún, èmi náà á sì bá ọ sun ún.

Láàárọ̀ yìí, mo dúró síwájú dígí Màámi, mo fi ìka mẹ́ta tẹ ọmú mi yíká dé abíyá, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kókó kan wà nínú ti òsì, kò ju hóró àgbàdo lọ. Kò dùn mí.

Ṣé o rántí bí Màámi ṣe máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkè Olósùnta, tí wọ́n á máa fi òrí ra kókó tiwọn, tí wọ́n á ní, "Omi ọmú tí Mọ́fẹ́ kò mu tán ló dì síbẹ̀"? Gbogbo wa á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni wọ́n fi ra á. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń wù mí í gbọ́.

Mo mọ̀ pé látìgbà tí a ti sin wọ́n lo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Kì í ṣe omi ọmú, Mọ́fẹ́. O ò jẹ̀bi nǹkan kan.

Èmi ò bímọ rí, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ sọ pé ó mu tèmi kù. Ìdí tí mo fi tètè jáde nìyẹn.

Nǹkan oṣù rẹ ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta, má sọ pé kò tíì tó àkókò àyẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì sọ. Tí o bá wẹ̀ tán, yẹ tìrẹ náà wò. Mo ti nu dígí náà fún ọ, àfi etí rẹ̀ níbi tí òrí ìka Màámi ṣì wà. Má nù ún.

Àǹtí Wúrà