Odò Tí Ìyá Ń Mu

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta, 2025
Mo gbá ọgbà àgùntàn kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Ìgbẹ́ wọn, omi tó ṣẹ́kù nígbà tí mo se wàrà dì — gbogbo rẹ̀ lọ sódò. Láti ìgbà tí Ùsmọ́n darandaran ti kọ́ mi bí a ṣe ń fún wàrà lọ́mú àgùntàn ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ṣàn kì í dọ̀tí, bàbá mi ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ibú, mo pọn omi Ìyá. Ìyá Àìná, ìyá ọkọ mi. Láti ìgbà tó ti ṣe ìyàwó wá sí Ago Alaye, ibú yẹn ló ń mu. Omi inú ọ̀rá? Ó ní rọ́bà ní í rùn.

Ọjọ́ Àìkú, 2
Wàrà tà tán ní gáréèjì Ore. Ọpẹ́.

Ọjọ́rú, 12
Àkọ́rọ̀ òjò. Bèbè odò ya lulẹ̀ níbi tí àwọn àgùntàn ń gbà lọ mumi. Màdáàmù ló ń ṣáájú wọn — abo dúdú mi, oníwàrà. Koríko ti tán níbẹ̀, pátákò ti tẹ ilẹ̀ le bíi símẹ́ǹtì. Omi pupa, ẹja wẹ́wẹ́ léfòó. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí oko kòkó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò bi mí bóyá ẹnì kan ń da nǹkan sómi. Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni, ojú sì tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Inú Ìyá ò dá. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo tún pọn omi fún un.

Ọjọ́ Ajé, 17
Nọ́ọ̀sì wá wo Ìyá nílé, ó bi mí irú omi tí Ìyá ń mu. Mo ṣàlàyé. Ó ní ìgbẹ́ àgùntàn wà nínú rẹ̀, àti pé omi wàrà ló ń pa ẹja. Ọwọ́ mi! Ọwọ́ mi yìí náà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní, mo jẹ́wọ́. Ìyá ní, “Ọma mi, mo mọ̀. Láti Kérésì ni omi ọ̀hún ti ń rùn.” Mo sunkún, mo ní kí ló dé tí ẹ ń mu ún. Ó ní, “Ìwọ lo pọn ọ́n. Ṣé kí wọ́n gbọ́ pé mo da omi ìyàwó ọma mi nù?”

Ọjọ́bọ̀, 20
Ìyá jáde láyé láàárọ̀. Mo ti ọgbà pa kí àwọn àgùntàn má lọ sódò mọ́, Màdáàmù ń ké, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Omi ṣì wà nínú ìkòkò Ìyá, ó dé ìdajì. N kò mọ ibi tí n ó dà á sí.