Ẹtu Tó Bá Mi Wá Iṣẹ́ ní Adágún Alhaji

Tahirah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà l'Ékòó? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń dúpẹ́ ní Fìdítì níbí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbúròó ara wa ní búburú, àmín. Màmá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì.

Tahirah, má wulẹ̀ tún yàrá kankan ṣe dè mí mọ́ o, mo ti ríṣẹ́! Láti ìgbà tí o ti ní kí n wá máa bá ọ gbé bí oko kò bá mówó wọlé mọ́ ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa, torí kí ni mo fẹ́ máa ṣe l'Ékòó?

O mọ adágún omi ọ̀nà oko wa, tí Alhaji Abdussalam rà mọ́ igbó tó yí i ká, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ̀gbẹ́ tàbí pẹja níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Haneefah, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹranko ibẹ̀, wá so àpótí dúdú kékeré kan tó lójú mọ́ igi, ó ní ohunkóhun tó bá kọjá níwájú rẹ̀, Alhaji á rí i láti Ìbàdàn. Háà! Ṣé kí n wá máa kọjá níwájú ẹni ńlá láìkí i ni? Láràárọ̀ ni mò ń ṣí fìlà, tí mò ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àpótí, mo ń kí Alhaji, mo ń kí ìyàwó rẹ̀, mo ń tọrọ iṣẹ́ náà, n kì í sì í dìde bọ̀rọ̀, torí mò ń retí kí ó ní kí n dìde. Màmá rẹ ní orí mi ti dàrú. Àwọn ẹlòmíì kọ̀wé, èmi bá Alhaji sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Àfi bí Haneefah ṣe dé lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àpótí yẹn kì í gbọ́rọ̀, àwòrán nìkan ló ń yà. Ó fi hàn wá: èmi rèé, mo na gbọọrọ sílẹ̀, ẹtu kan àtọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé lẹ́yìn mi gan-an, wọn ò sá! Ó ní wọn ò tíì rí ẹtu kankan níbẹ̀ rí, inú Alhaji dùn débi pé ó ní ẹni tí ẹtu kò sá fún ni kí wọ́n gbà. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀! Mi ò bá Haneefah jiyàn, ọmọdé ni. Bí àpótí kò bá gbọ́rọ̀, ta ló fún mi níṣẹ́ tí mo tọrọ?

Jọ̀ọ́, fi owó bàtà òjò ránṣẹ́ sí mi. Fi ti àpótí kan kún un, kí n so ó mọ́ igi máńgòrò iwájú ilé. Alhaji tí kò bá mi tan ń rí mi láràárọ̀, ìwọ tí mo bí kò rí mi láti Iléyá èṣí, àárò rẹ sì ń sọ mí gan-an. Èmi àti màmá rẹ á máa jókòó síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí o lè máa wò wá. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà síṣẹ́ rẹ, wàá jèrè àwọn ọmọ rẹ. Èmi kò ní máa rí ọ o, ṣùgbọ́n máa kúnlẹ̀ kí o tó wò wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sìrájù, olùṣọ́ adágún