Àwo Orin Tí Mo Tan fún Àwọn Àna Wa

Latifou ọmọ mi,

Ifangni tutù, ara wa le. Àwọn ará ilé Faridatou, àfẹ́sọ́nà rẹ, wá sọ̀rọ̀ ìdána yín. Èmi fúnra mi ni mo ń yangàn, tí mo tan àwo orin bíláàkì mẹ́tà, orin onígbe yẹn, tí o kọ ní Nọ́wè fún wọn.

Bàbá rẹ̀ ní, "Ta ni wọ́n ń pa?"

Àǹtí rẹ̀ ní, "Àbí ẹ̀rọ ata ló bàjẹ́?"

Wọ́n dìde kí oúnjẹ tó délẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Kò burú. Mo ti dá ọtí ẹlẹ́rìndòdò padà fún ẹni tó tà á.

Faridatou nìkan ló padà wá. Ó tún un gbọ́, ó ní, "Màmá, ẹkún ni Latifou ń sun." Mo ní ara rẹ yá. Ṣé irọ́ ni mo pa fún un?

Ó jókòó tì mí báyìí, ó ní kí n kí ọ. Gbogbo ilé kí ọ.

Ìyá rẹ.