Nọ́ńbà Ara Bátìrì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé, mo sì kí ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì tó fún ọ ní àga tó ń yí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀fọ́rí ìjọ́sí ti lọ? Ẹni tó jí ọ láàárọ̀ òní kò ní gbàgbé rẹ lọ́sàn-án, àmín. Ara tèmi náà le, ọwọ́ nìkan ló ṣì ń gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi rí bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀rọ tí o fi rán awakọ̀ sí wa, nítorí inú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ni ọ̀rọ̀ kejì wà. O rántí ọjọ́ tí o pè mí láti ilé ìtajà pé ẹ̀rọ tó ń luhò tó sì ń yí súkúrù láìní wáyà ló wà níwájú rẹ yìí, pé oríṣi bátìrì méjì ló ní, wọ́n kọ méjì sára ọ̀kan, wọ́n kọ márùn-ún sára èkejì, èwo ni kí o mú. Mo ní kí o mú méjì. Ọmọ mi, mo rò pé iye òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ sí i lára. Èmi àti Bàbá Ìwọ̀n nìkan la sì jọ ń ṣe káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù wa láti ogójì ọdún. Mo bi ara mi pé ta ni àwọn mẹ́ta yòókù tí a ó máa fi iná bọ́?

Nígbà tó dé, a tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Nínú ìwé rẹ̀, wọ́n ya bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, wọ́n wá fa ìlà pupa gba orí ẹ̀ kọjá, la bá lọ sọ fún ìyàwó Bàbá Ìwọ̀n pé kó gbé ààrò rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta bínú sí wa. Bí ṣájà bá ti tan iná pupa, a ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí bátìrì lè sinmi. Tí iṣẹ́ bá yá, èmi ni mo máa di ẹ̀rọ mú, Bàbá Ìwọ̀n a gbé àtẹ́lẹwọ́ tiẹ̀ lé ọwọ́ mi kó má baà gbọ̀n, a ó jọ tẹ̀ ẹ́, súkúrù a wọlé ṣinṣin. Ẹni tó ń wọn búrẹ́dì kó tó gé e ni, ṣùgbọ́n kò ní ìkánjú kankan sí ọwọ́ mi.

Ọmọ mi, Bàbá Ìwọ̀n ti kú. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti bọ́ bàtà, kò dìde mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù láti sọ fún ọ, ẹnu mi kò gbà á. Má bínú. Mo mọ̀ pé ọrùn rẹ̀ ni o fi ṣe àga nígbà tí o wà ní kékeré. Láti ìgbà tí ìyá rẹ sì ti fi wá sílẹ̀, òun ni mò ń bá jẹun.

Ó pẹ́ tí èmi àtiẹ̀ ti ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kù lẹ́yìn ni yóò kan pósí ẹnì kejì. Ó kìlọ̀ fún mi pé òun kò fẹ́ ìṣó o, pé gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi gbọ́ ariwo òòlù, kí ẹnikẹ́ni má tún wá fi òòlù lu òun lórí. Súkúrù ni kí n fi dé ìdérí òun. Mo ṣèlérí.

Téèpù tiẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo ń sunkún, mo ń wọ̀n. Súkúrù méjìlá ni ìdérí gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo ti yí ìkẹjọ wọlé nígbà tí ẹ̀rọ kérora, tó sì dákẹ́. Iná ìlú ti lọ láti àná rẹ̀. Mo gbé bátìrì àti ṣájà sáré lọ bá atúnfóònùṣe tó ní jẹnẹrétọ̀, ó ní fóònù tó ti wà nílẹ̀ pọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó kàn mí, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan la fẹ́ sìnkú. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò ra onímárùn-ún, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iye òṣìṣẹ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní agbára kan náà ni méjèèjì ní, ọ̀kan kàn ń pẹ́ ju ọ̀kan lọ ni, bíi kórobá kékeré àti kórobá ńlá tí wọ́n pọn omi kan náà sí, àmọ́ èyí tó tóbi wúwo lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà, àwọn tó fẹ́ gbé pósí ti ń wo aago, ọ̀kan nínú wọn ti mú òòlù àti ìṣó mẹ́rin dání. Wọ́n ní òkú ò mọ ìṣó yàtọ̀ sí súkúrù. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. Mo gba òòlù náà, mo jókòó lé e. Mo wá mú irin tí a fi ń yí súkúrù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé irin ń yọ̀, ó ń họ pákó. Ìtìjú bá mi. Ìyàwó rẹ̀ dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọwọ́ mi bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Àwa méjèèjì la jọ yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù wọlé. Oòrùn kọjá àtàrí, kò sẹ́ni tó tún wo aago. A sin ín láìgbọ́ ìró òòlù kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, ra bátìrì onímárùn-ún ránṣẹ́, kí o sì mú orúkọ ẹ̀rọ wa dání kí wọ́n má ta èyí tí kò ní wọlé sí i fún ọ. Mo mọ̀ pé ó wúwo, màá gbé ẹ̀rọ lé pákó kí pákó bá mi gbé e. Fi owó pákó díẹ̀ náà kún un. Má fòyà, kò sí ohun tó ń ṣe mí. A ṣàdéhùn lórí ẹni tó kọ́kọ́ lọ, a kò rántí ẹni tó máa kan pósí ẹni tó kù. Nítorí náà màá kan tèmi fúnra mi nígbà tí mo ṣì ń rí orí súkúrù. Mo ga jù ú lọ, tèmi yóò gbà tó mẹ́rìndínlógún.

Ìdérí nìkan ni n kò ní lè dé. Ìyẹn di ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Bí o bá wálé, màá kọ́ ọ, kò le.

Wàá pẹ́ lẹ́yìn mi. Ọmọ tìrẹ náà yóò pẹ́ lẹ́yìn rẹ. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.